Ọjọ́ Tó Wà Nísàlẹ̀ Òǹtẹ̀ Mi

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún báyìí tí ọ̀rọ̀ kan ò jẹ́ kí n gbádùn. Mo lè wà nínú mọ́tò tí mò ń lọ sẹ́nu iṣẹ́, mo lè wà nídìí síńkì tí mò ń fọ abọ́, ohùn ọkùnrin kan á kàn sọ sí mi létí: "Sísítà, ṣé ẹ ò kàn lè kọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá sí i ni?" Ẹni tó sọ ọ́ kì í ṣe èèyàn burúkú o, ọmọlúàbí ni, ìyá ẹ̀ ló ń ràn lọ́wọ́, ó sì ṣeé ṣe kó ti gbàgbé pé òun sọ ọ́. Èmi ni mi ò gbàgbé, torí pé fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rò ó.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston níbí, wọ́n sì mọ̀ pé mo tún ń ṣe nótárì, ìyẹn ẹni tí ìjọba fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìbuwọ́lù, èmi ni mo máa ń bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé. Àṣẹ ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni ìpínlẹ̀ Texas ń fún nótárì. Ọ̀rọ̀ àṣẹ yẹn àti ọjọ́ tó ń parí ni mo fẹ́ sọ, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ wa tó ń fi láísẹ́ǹsì jẹun, ì báà jẹ́ nọ́ọ̀sì, lọ́yà, tíṣà tàbí ẹni tó ń ta ilé, a mọ bí a ṣe gba ìwé náà, a mọ ìyà tó jẹ wá ká tó gbà á, àmọ́ ọjọ́ tó máa kú lọ́wọ́ wa, a kì í fẹ́ wò ó lójú.

## Alẹ́ Ọjọ́rú

Ọjọ́rú, 11 February ni. Màmá kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, pè mí láàárọ̀ pé òun àti ọmọ òun fẹ́ wá rí mi lálẹ́. Ilé tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ n'Ìbàdàn lọ̀rọ̀ dá lé. Wọ́n fẹ́ fún àbúrò wọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ láṣẹ kó máa bá wọn bójú tó gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ ilé náà, ìwé tí wọ́n ń pè ní power of attorney yẹn. Lọ́yà tó wà nílé ti kọ ọ́, ó ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ku kí Màmá buwọ́ lù ú níwájú mi kí n sì tẹ òǹtẹ̀ mi sí i, kí ọmọ wọn wá gbé e lọ sí Austin lọ́jọ́ kejì, torí ibẹ̀ ni ọ́fíìsì Secretary of State ti máa fi ìwé ẹ̀rí kún un pé lóòótọ́ ni àṣẹ wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́. Bọ̀dá náà ti gbàyè ọjọ́ kan níbi iṣẹ́ nítorí ẹ̀. Houston sí Austin, wákàtí mẹ́ta dín díẹ̀ ni, tí èèyàn ò bá kó sí gosílóò.

Màmá múra wá. Mo ní láti sọ èyí torí ó wà lára ohun tó ń dùn mí. Wọ́n wọ ìró àti bùbá, wọ́n wé gèlè, wọ́n fi gèlè náà jókòó sídìí tábìlì kíṣìnì mi bíi pé kóòtù ni wọ́n wá. Lójú tiwọn, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nílé, lọ́yà ni wọ́n ń fi jẹ nótárì, Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ló sì ń yàn wọ́n, èèyàn ńlá ni. Mo ti ṣàlàyé fún wọn lọ́pọ̀ ìgbà pé ní Texas níbí kò rí bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá ti pé ọdún méjìdínlógún, tó ń gbé ìpínlẹ̀ yìí, tí kóòtù ò sì dá lẹ́bi ọ̀ràn ńlá rí lè gbà á, wọn ò gbà. "Ẹni tó bá ń tẹ òǹtẹ̀ ìjọba, lọ́yà ni." Lọ́yà mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè mí.

Mo gba páspọ́ọ̀tù wọn, mo fi orúkọ tó wà nínú ẹ̀ wé ti inú ìwé náà, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíì, torí mo ti rí ìwé tí "Adé" àti "Adè" lásán dá padà láti ọ́fíìsì kan. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo fi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà mo mú òǹtẹ̀ náà, mo dán an wò lẹ́yìn àpò lẹ́tà àtijọ́ kan gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe, torí tí yíńkì ẹ̀ bá gbẹ, ó máa ń jáde ní fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Ó jáde fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ lóòótọ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo wá gbé àpò lẹ́tà náà súnmọ́ iná láti wò ó bóyá gbogbo lẹ́tà ló hàn. Ìràwọ̀ onígun márùn-ún wà níbẹ̀, orúkọ mi wà níbẹ̀, nọ́ńbà mi wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀ ni mo wá kà: 02-02-2026.

Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ló ń ṣe é. Mo wo fóònù mi, 11 ni fóònù sọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ti kọjá. Màmá ti ṣí bírò, wọ́n ti gbé ọwọ́ lé orí ìwé, wọ́n ń wo ojú mi pé kí n sọ ibi tí àwọn máa buwọ́ lù.

Mo sọ fún wọn. Ibẹ̀ ni ọmọ wọn ti béèrè ìbéèrè yẹn. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi béèrè ẹ̀, bí ẹni ń béèrè bóyá omi tútù wà nínú fíríìjì. Gbogbo nǹkan sì gbè é lẹ́sẹ̀: Màmá ti wé gèlè, ìwé ti wà nílẹ̀, ẹni tí wọ́n ń retí ẹ̀ n'Ìbàdàn ti ń pè, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni, ta ló máa mọ̀? Ohun tó dá mi dúró ni ìwé àkọsílẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tiẹ̀, láti 2022, ọwọ́ mi ni mo fi kọ gbogbo ẹ̀. Mo máa ní láti fi ọwọ́ kan náà kọ irọ́ sí i, kí Màmá sì jókòó síwájú mi tí mo bá ń kọ ọ́.

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú, mi ò lè ṣe é."

Màmá ò jà. Wọ́n dé bírò náà, wọ́n fi lé orí ìwé, wọ́n ní, "Kò burú, ọmọ mi. Ilẹ̀ á mọ́." Ọmọ mi ni wọ́n pè mí lálẹ́ yẹn. Wọn ò pè mí ní Lọ́yà.

## Ẹ̀rù tó bà mí lẹ́yìn tí wọ́n lọ

Nígbà tí wọ́n jáde ni ẹ̀rù tòótọ́ tó bà mí. Ti Màmá, mo ti rí i kó tó bàjẹ́. Àwọn tó wá kí wọ́n tó dé ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́sàn-án kì í ṣe ọjọ́ kan, mo sì máa ń tẹ òǹtẹ̀ fún èèyàn lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Sunday. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń yẹ ìwé àkọsílẹ̀ yẹn wò látìsàlẹ̀ lọ sókè. Èyí tó gbẹ̀yìn, 24 January ni, ìwé ìyọ̀ǹda tí bàbá kan kọ kí ọmọ ẹ̀ lè bá àǹtí ẹ̀ wọkọ̀ òfuurufú lọ sílé. Mo jókòó sórí àga, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, torí òtútù tó mú níbí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá. Àánú ló gbà mí, mi ò lè pè é ní ìmọ̀ọ́ṣe.

Òǹtẹ̀ ẹni tí àṣẹ ẹ̀ ti parí ò yàtọ̀ sí òǹtẹ̀ ẹni tí kò gba àṣẹ rí. Ní Austin, orúkọ nótárì ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò nínú àkọsílẹ̀ wọn. Ká ní mo tẹ̀ ẹ́ láìwo ọjọ́, wọ́n máa dá Bọ̀dá padà lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta lórí títì. Èyí tó tiẹ̀ burú jù nìyí: ká ní mo kọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú bó ṣe ní kí n ṣe, kò ní wúlò gan-an, torí ìwé náà fúnra ẹ̀ ní ọjọ́ tí lọ́yà kọ ọ́ nínú, 9 February ni lọ́yà kọ síbẹ̀. Èmi máa ti jẹ́rìí sí ìwé tí wọn ò tíì kọ. Ilé ni ọ̀rọ̀ náà sì dá lé, ilé tí bàbá fi sílẹ̀, ẹ ẹ̀ ní mọ iye èèyàn tó máa jáde lọ́jọ́ iwájú pé ti àwọn náà ni. Ẹni tó ń wá ibi tó máa gbà wọlé, ihò kékeré ló ń wá. Mi ò fẹ́ kí ihò náà jẹ́ orúkọ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá wọn wá nótárì míì tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi ẹrù ránṣẹ́, aago mẹ́wàá ló tó débi iṣẹ́, dọ́là mẹ́wàá ló gbà, torí dọ́là mẹ́wàá náà ni iye tó pọ̀ jù tí òfin Texas fàyè gbà fún ìbuwọ́lù àkọ́kọ́ lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mọ́kànlá kọjá kí Bọ̀dá tó kọrí sọ́nà. Ó bá wọn lọ́fíìsì, Ọlọ́run ṣeun.

## Kí ló fà á tí mi ò fi ríníù

Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀. Ní Texas, o ò lè ríníù tó bá ku ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ, o ò sì lè ríníù mọ́ tí ọjọ́ náà bá ti kọjá, ńṣe lo máa lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tuntun. Fún tèmi, 4 November 2025 ni ilẹ̀kùn náà ṣí. Mo rántí oṣù yẹn dáadáa, iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, mo ní tí December bá dé màá ráyè. December dé, àlejò dé, mo ní January. Fòní-dónìí fọ̀la-dọ́la, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ. Ìmeèlì tí mo sì fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dún 2022, ti ibi iṣẹ́ tí mo ti kúrò ni, tí wọ́n bá tiẹ̀ ránṣẹ́ ìránnilétí, ibi tí mi ò lè ṣí mọ́ ló lọ. Mo tún ti kó ilé. Òfin ní téèyàn bá kó, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá ni kó sọ fún ọ́fíìsì Secretary of State, mo sọ fún báńkì, mo sọ fún ilé-ìwé àwọn ọmọ, mo sọ fún àwọn oníná, mi ò sọ fún ọ́fíìsì yẹn.

Ìdádúró yẹn gba nǹkan míì lọ́wọ́ mi pẹ̀lú. Láti 1 January 2026, Texas ti fi ẹ̀kọ́ wákàtí méjì kún un, ẹni tuntun àti ẹni tó ń ríníù ló kàn. Ẹni tó ti fi fóọ̀mù tiẹ̀ sílẹ̀ ní November tàbí December, ọ̀rọ̀ yẹn ò kàn án. Mo ṣe ẹ̀kọ́ náà, kí n sòótọ́, ó wúlò, ó yẹ kó ti wà tipẹ́, àmọ́ mo ṣe é nígbà tí mi ò ní àṣẹ lọ́wọ́ tí àwọn èèyàn ń pè mí tí mò ń dá wọn padà.

Nígbà tí mò ń gba bọ́ǹdì tuntun ni nǹkan kan wá yé mi. Bọ́ǹdì ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là ni òfin bèèrè. Kì í ṣe pé èèyàn máa kó iye yẹn sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan ló ń dúró fún ọ, owó kékeré lo máa san fún wọn. Ọ̀pọ̀ nótárì rò pé àwọn ni bọ́ǹdì yẹn ń dáàbò bò, èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin gbáko. Ẹni tó gbé ìwé wá ló ń dáàbò bò. Tí mo bá ṣi iṣẹ́ ṣe tí ìyà fi jẹ ẹ́, òun ni wọ́n máa sanwó fún, wọ́n á sì wá padà gba owó náà lọ́wọ́ mi. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀ òǹtẹ̀. Mo ti ń wò ó bí ọjọ́ tèmi, bí ìgbà tí fíúùsì iná nílé èèyàn bá fẹ́ yọ́, tó bá yọ́ èmi ni mo jókòó sínú òkùnkùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Màmá tó wé gèlè wá ló jókòó sínú òkùnkùn.

## Ọjọ́ ọjà kì í gbàgbé

Mo wá ń bi ara mi pé kí ló dé tí mi ò fi gbàgbé láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì mi rí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ní in, mi ò fi ọjọ́ kan pẹ́. Ní Texas, ìparí oṣù ìbí rẹ ni láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì ń parí, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì, ẹni tí ọdún ìbí ẹ̀ bá ṣeé pín sí méjì á ríníù lọ́dún tó ṣeé pín, ẹni tí tiẹ̀ ò bá ṣeé pín á ríníù lọ́dún tí ò ṣeé pín. Wọ́n fẹ́ kéèyàn ti ní ogún wákàtí ẹ̀kọ́ láàárín ọdún méjì yẹn. Ta ló ń gbàgbé oṣù ìbí ara ẹ̀? Àwọn ọmọ mi ló ń rán mi létí, ọ̀gá mi ń rán mi létí, ọ́fíìsì tó gbà wá síṣẹ́ ò ní jẹ́ kéèyàn sinmi tó bá ti ku oṣù méjì, torí tí láísẹ́ǹsì bá parí lónìí, lónìí náà ni wọn ò ní jẹ́ kí o fọwọ́ kan aláìsàn.

Àbúrò mi tó jẹ́ lọ́yà n'Ìbàdàn náà ò gbàgbé rí. Tiwọn, ọdọọdún ni, 31 March ni òpin sísan owó ìṣiṣẹ́ lọ́yà, gbogbo lọ́yà Nàìjíríà ló sì jọ ní ọjọ́ yẹn. Ẹni tí kò bá san títí ọjọ́ yẹn ò ní lẹ́nu nínú ìdìbò ẹgbẹ́ wọn, NBA. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọjọ́ díẹ̀ ló kù kó pé, àbúrò mi ní gbogbo gúrúùpù WhatsApp tí òun wà ló ń pariwo ẹ̀, ẹni tó ti san ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì san, àwọn àgbà ń halẹ̀ mọ́ àwọn ọmọdé. Kò sí bó ṣe fẹ́ gbàgbé.

Èyí ló rán mi létí ìyá ìyá mi l'Òkè-Ògùn. Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà. Wọn ò mọ̀wé, kò sí kàlẹ́ńdà lára ògiri wọn, ọjà tí wọ́n ń ná sì jẹ́ ọjà ọrọọrún, kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, ó lè jẹ́ Monday lónìí kó jẹ́ Friday lẹ́yìn ẹ̀. Mi ò rí ọjọ́ kan tí wọ́n ṣì í. Mo bi wọ́n nígbà tí mo wà lọ́mọdé pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n, wọ́n ní, "Ṣé o ò gbọ́ ẹsẹ̀ ni?" Mo wá gbọ́ ọ lóòótọ́: ilẹ̀ ò ní tíì mọ́, àwọn obìnrin á ti máa kọjá lẹ́yìn ilé pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n á máa kí ara wọn, ẹni tó bá ti ṣíwájú á pe orúkọ ẹni tó ṣì ń sùn. Ìlú ló ń bá wọn rántí. Ọjọ́ ọjà kì í ṣe ti ẹnì kan.

Ọjọ́ nótárì mi, èmi nìkan ni mo ní in. Nótárì tó wà ládùúgbò kejì ní tiẹ̀, ó yàtọ̀ sí tèmi, kò sẹ́ni tó ń kọjá lẹ́yìn ilé mi ní ìdájí 4 November kó pe orúkọ mi. Ọdún mẹ́rin sì gùn. Ohun tí à ń ṣe lọ́dọọdún, ara máa ń mọ̀ ọ́n. Ohun tó jẹ́ ọdún mẹ́rin mẹ́rin, nígbà tó máa fi pé, o ti kó ilé, o ti yí iṣẹ́ padà, ọmọ tó ń rá nígbà tó o gbà á ti ń lọ sílé-ìwé. Àwọn àgbà ní ogún ọdún kì í ṣe títí láé, mo sì gbà, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin péré tó láti fi jọ títí láé lójú ẹni tó ní iṣẹ́ òru àti ọmọ mẹ́ta.

## Ọjọ́ tí wọ́n kọ kọ́ ni ọjọ́ iṣẹ́

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Leeds, mo sunkún díẹ̀ fún wọn. Nọ́ọ̀sì làwọn náà, wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Ìwọ gbọ́, ọjọ́ tó wà lórí ìwé yẹn lò ń wò. Ọjọ́ yẹn ti pẹ́ jù."

Àǹtí mi mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ń ní kí nọ́ọ̀sì ṣe revalidation, ìyẹn kó fi hàn pé òun ṣì yẹ fún iṣẹ́: 450 wákàtí ẹnu iṣẹ́, 35 wákàtí ẹ̀kọ́, èsì lọ́dọ̀ èèyàn márùn-ún, àkọsílẹ̀ ìrònú márùn-ún, kí nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ bá ọ jókòó sọ ọ́, kí ẹnì kan sì jẹ́rìí sí i. Tó bá ku ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n máa ń ṣí i. Níbi tó ti ń mú èèyàn ni pé tí ìforúkọsílẹ̀ rẹ bá máa parí níparí oṣù, ọjọ́ kìíní oṣù yẹn ni fóọ̀mù rẹ gbọ́dọ̀ ti wọlé. Nígbà àkọ́kọ́ ti Àǹtí mi, ìparí oṣù ni wọ́n ń kà sí. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní wọ́ọ̀dù ló bi wọ́n nínú yàrá tíì pé ṣé wọ́n ti ṣe tiwọn, ọjọ́ mẹ́rin ló kù, wọn ò sùn lọ́jọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tí tiẹ̀ bá já bọ́, ó máa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó padà sórí ìwé, kò sì ní ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí dìgbà yẹn, owó ilé ò sì ní dúró.

Irú ẹ̀ náà wà ní California, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nótárì níbẹ̀ ló ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Ẹ̀kọ́ wákàtí mẹ́fà ni ti ẹni tuntun, wákàtí mẹ́ta ni ti ẹni tó ń ríníù, àmọ́ tí tiẹ̀ bá fi lè parí kó tó fi fóọ̀mù sílẹ̀, ó ti padà sí wákàtí mẹ́fà nìyẹn. Tí wọ́n bá tún wá fún ọ láṣẹ, ọgbọ̀n ọjọ́ lo ní láti lọ búra kí o sì gbé bọ́ǹdì lọ sí ọ́fíìsì káńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá, àṣẹ náà dòfo. Èèyàn lè ti ṣe ohun gbogbo, kó ti yege ìdánwò, kí ìwé ti dé sílé, kó wá pàdánù ẹ̀ torí pé ó rò pé ìwé tó dé náà ni òpin. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí leji ń pa.

Torí náà mo ti yí bí mo ṣe ń kà á padà. Ọjọ́ tó wà lórí òǹtẹ̀, mi ò kà á sí ọjọ́ iṣẹ́ mọ́. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ṣáájú ẹ̀ ni ọjọ́ iṣẹ́. Láàárín méjèèjì yẹn ni bọ́ǹdì ti máa gbà lára àkókò, ẹ̀kọ́ á gbà lára ẹ̀, fóọ̀mù tí wọ́n bá dá padà nítorí orúkọ tí kò bára mu á gbà lára ẹ̀, òǹtẹ̀ tuntun á gbà lára ẹ̀ torí òǹtẹ̀ àtijọ́ ò wúlò mọ́, ọjọ́ àtijọ́ ló wà nínú rọ́bà ẹ̀. Tó o bá yọ gbogbo ìyẹn kúrò, àádọ́rùn-ún ọjọ́ ò pọ̀. Ṣíṣe é ṣáájú àsìkò náà kò sì ràn ọ́ lọ́wọ́. Mo mọ nọ́ọ̀sì tó ti kó wákàtí ẹ̀kọ́ jọ rẹpẹtẹ, tí wọn ò sì ka ìdajì ẹ̀ torí pé sáà tó ti kọjá ló ṣe é. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, àmọ́ omi tó o dà ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, oòrùn ti fà á lọ.

## Ohun tí èmi àti Àǹtí mi ṣe

A pààrọ̀ ọjọ́. Mi ò ní ọ̀rọ̀ tó dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tiwọn wà lọ́wọ́ mi, ọjọ́ tèmi wà lọ́wọ́ wọn. Mi ò ní kí fóònù mi nìkan máa rán mi létí, torí fóònù mi rán mi létí ní November, mo sì fi ìka kan pa á. Mi ò lè fi ìka kan pa Àǹtí mi. Tí December bá dé lọ́dún tó kàn mí, wọ́n máa pè mí, wọ́n á sì tún pè mí lọ́jọ́ kejì, tí mi ò bá gbé e wọ́n á pe ọkọ mi. Àbúrò wa tó jẹ́ lọ́yà ní kí wọ́n fi tòun náà sí i bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ò nílò ẹ̀, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ nígbà tí ara wa ò bá balẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì náà mo ti sọ ọ́ síta nínú ìpàdé àwọn obìnrin. Ẹnu yà mí. Nọ́ọ̀sì mẹ́jọ, tíṣà méjì, ẹni tó ń dirun, nótárì méjì yàtọ̀ sí èmi, ẹni tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé ẹ̀, gbogbo wọn ló ní ìwé tó ní ọjọ́, kò sì sí ẹnì kan tó mọ ọjọ́ ẹnì kejì. Obìnrin kan ní òun ti pàdánù iṣẹ́ nítorí ẹ̀ rí, ó ti tó ọdún márùn-ún, òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni nítorí ìtìjú. A ti wà pọ̀ lórí àga kan náà lọ́jọ́ Sunday fún gbogbo ọdún márùn-ún yẹn. A ti wá kọ gbogbo ọjọ́ náà sínú ìwé kan, akọ̀wé ẹgbẹ́ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń kà á síta lọ́jọ́ Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù, lẹ́yìn tó bá ka ọjọ́ ìbí tán.

Àṣẹ tuntun mi dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo búra, mo ra òǹtẹ̀ tuntun. Màmá ní ìwé kejì tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé, ti owó ìfẹ̀yìntì ọkọ wọn, mo lọ bá wọn nílé lọ́tẹ̀ yìí, mi ò jẹ́ kí wọ́n wá. Mo yẹ páspọ́ọ̀tù wò, mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀, mo dán òǹtẹ̀ wò lẹ́yìn àpò lẹ́tà, Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. Wọ́n ka 2030 síta. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n mú Bíbélì wọn wá, wọ́n ṣí i sẹ́yìn níbi tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn sí láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n fún mi ní bírò pé, "Kọ ọ́ síbí, Lọ́yà mi."

Mo kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ ọmọ-ọmọ wọn tó kéré jù.